“That” Kejì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ ti ń da oorun mọ́ mi lójú. N kò jẹ gbèsè, ara mi sì le. “That” inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo lè wà nínú ọkọ̀ èrò kí n máa ka pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí n sì máa wá ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti gé “that” sọnù. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún fi lẹ́tà báǹkì kankan han òun nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀, yàrá àwọn ọmọ ni òun máa sùn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa, ní apá kan ìlú Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ṣe rí: Yorùbá la fi ń ṣèpàdé, òyìnbó la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn. A ó jà ní Yorùbá, a ó parí ìjà ní Yorùbá, a ó wá fi òyìnbó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì bí ẹni pé Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú fáìlì yẹn ni mo ti rí ìjọ̀ngbọ̀n.

Íǹkì pupa

Ọ̀rọ̀ èmi àti “that” ti pẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì a máa fi íǹkì pupa bá wa jà. A óò kọ ọ́ pé “He asked me that what is my name,” a ó sì rò pé a ti ṣe dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti ṣẹ̀ wá: ó bi mí pé kí ni orúkọ mi. “Pé” la mú, a wọ aṣọ òyìnbó fún un, a ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í fi “that” ṣíwájú ìbéèrè. Tíṣà á fa igi pupa sí i, igi náà á nípọn tó fi máa hàn lẹ́yìn ìwé.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni “the boy whom they said that stole the ball.” Ọmọkùnrin tí wọ́n sọ pé ó jí bọ́ọ̀lù. Ní Yorùbá, “pé” wà níbẹ̀, “ó” náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn dúró ṣánṣán. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé ti kúrò láyè rẹ̀ lọ síwájú, kò sì fi “ó” kankan dí àyè náà. Bí “that” bá wá dúró síwájú àyè òfìfo yẹn, gbólóhùn bàjẹ́. “The boy who they said stole the ball” ni. Gígé ni dandan níbí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó-bá-wù-ọ́. Ó ya mí lẹ́nu pé títí dòní mo ṣì ń rí i nínú lẹ́tà àwọn agbẹjọ́rò.

Mo jáde nílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ́kàn: “that” jẹ́ àmì pé Yorùbá ń yọjú lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́, mo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó ní ohunkóhun tí a bá lè yọ tí gbólóhùn kò fi ṣubú, ká yọ ọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni, ó sì bá ẹ̀rù tó ti wà lára mi mu. Mo di agé-that. Bí mo bá kọ ìwé tán, màá ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo “that” tó wà nínú rẹ̀ jáde, màá wá máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ìdun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Ojú ìwé mẹ́ta á di méjì àti ààbọ̀, màá rò pé mo ti gbọ́n.

Ohun tí Àlàájì sọ

Tiransifọ́mà wa bàjẹ́. A dá owó, a pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, iná dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àlàájì kan láàárín wa dìde nípàdé, ó ní: “Mo pàdé ẹni tó bá wa tún iná ṣe. Ó ní iye tí òun gbà kò tó iye tí wọ́n kà fún wa. Ó ní akápò mọ̀ sí i.”

Ilé dàrú. Akápò wa, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta aṣọ òkè, fún un lésì lójú ẹsẹ̀. Alága ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá nípàdé tó ń bọ̀, a sì lọ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Nílé, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo kọ ọ́ báyìí pé:

“Alhaji said the technician told him the amount he received was less than the amount announced, and the treasurer was aware of it.”

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, “that” mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún un kà, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ẹ̀kọ gbígbóná. Èsì akápò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì ló bọ́ sí, nísàlẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ka àkọsílẹ̀ náà sétí ìjọ. Alága bèèrè ẹni tó máa gbè é kí a lè gbà á wọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, akápò ti dìde.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà.”

Mo tún un kà.

“Ta ló sọ pé mo mọ̀ sí i?”

Mo ní, “Àlàájì ni, mà. Gbogbo wa la jọ wà níbí.”

“Mo mọ̀ pé gbogbo wa la wà níbí. Ìwé yẹn ni mò ń bi léèrè. Nínú ìwé yẹn, ta ló sọ ọ́?”

Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ka ìlà náà sínú, mo tún un kà. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Títí dé kọ́mà, Àlàájì ló ni gbólóhùn yẹn. Lẹ́yìn kọ́mà, “and the treasurer was aware of it” dá dúró bí ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò mọ ilé tó ń lọ. A lè so ó mọ́ Àlàájì. A lè so ó mọ́ oníṣẹ́ iná. A sì lè kà á bí ohun tí akọ̀wé fẹnu ara rẹ̀ sọ: èyí ni Àlàájì wí, akápò sì mọ̀ sí i.

“Ọmọ mi tó wà ní Manchester kò sí nípàdé wa,” ni ìyá náà wí. “Ó rí ìwé yín lórí fóònù mi. Ó pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní, ‘Mọ́mì, wọ́n mà ti kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ sí i o.’ Kò ní Àlàájì ló wí. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́. Èmi ò gbọ́ òyìnbó tó yín, Akọ̀wé, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ bí wọ́n bá gbé orúkọ mi síbi tí kò yẹ.”

Mo yíjú sí Àlàájì pé kó gbà mí. Àlàájì náà dìde. “Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ sí mi lẹ́nu,” ló wí. “Èmi kò sọ pé akápò mọ̀ sí i. Mo ní oníṣẹ́ ní ó mọ̀ sí i. Èmi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.”

Oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀ láti gbé tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ọmọ òrukàn nìyẹn, àfi èmi tí mo kọ ọ́ nìkan ló kù tí wọ́n lè gbé e lé lọ́wọ́.

Ẹ óò fẹ́ mọ̀ bóyá owó sọnù. Kò sọnù. Ọ́ìlì tiransifọ́mà ni wọ́n san owó rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹni tó tà á, rìsíìtì rẹ̀ sì wà. Ọ̀rọ̀ owó parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ìlà mi ni kò parí.

Ó ní, ó ní

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Àlàájì kò ṣe àṣìṣe kankan nínú bí ó ṣe sọ ọ́. Ẹ padà lọ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè: ó ní iye tí òun gbà kò tó, ó ní akápò mọ̀ sí i. “Ó ní” lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kó méjèèjì dànù nígbà tí mo ń gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi ìyá bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí “ó ní” rẹ̀. Bí ó bá ń ròyìn ìjà ọjà, gbogbo ìmí kọ̀ọ̀kan ló ní “ó ní” tirẹ̀. Ó ní kí lòun ṣe, ó ní òun kò kan ọjà rẹ̀, ó ní kó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. A rò pé ẹnu ló ń já mọ́ ìyá àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀ràn ni wọ́n ń yẹra fún. Ọ̀rọ̀ tó ròyìn rẹ̀ kò sí èyí tó já bọ́ lára ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a fẹ́ jẹ́ ẹ fún, àti pé ìránṣẹ́ tí kò bá sọ ẹni tó rán an, òun gan-an ni wọ́n máa mú.

Yorùbá tún ní ohun mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Bí mo bá ní “ó ní òun gba owó,” ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló gba owó. Bí mo bá ní “ó ní ó gba owó,” ẹlòmíràn ni. “Òun” ti yanjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Gẹ̀ẹ́sì á kọ “he said he received the money” fún méjèèjì, ó di ọwọ́ ẹ̀yin òǹkàwé. Nítorí náà, ìgbà tí mo pa “that” nínú ìlà mi, èdè tí kò ní “òun” ni mo tún gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n má parọ́, àwa náà ní “pé” tí a máa ń jẹ mọ́nu. “Ó ní òun ń bọ̀” tọ́, “ó ní pé òun ń bọ̀” náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú “sọ”: “ó sọ òun ń bọ̀.” Ahọ́n yín á kọ̀. Lẹ́yìn “sọ,” lẹ́yìn “mọ̀,” lẹ́yìn “rò,” dandan ni “pé.” Bẹ́ẹ̀ náà ni “tí”: ilé tí a rà, kò sẹ́ni tó ń sọ “ilé a rà,” nígbà tí “the house we bought” jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, kódà níwájú adájọ́.

Ní ọdún 1970, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Bever, gbé gbólóhùn kan jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fi orí gbá dòní: “The horse raced past the barn fell.” Ẹ kà á, ẹ óò rò pé “fell” yẹn ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni. Ó tọ́ o. “The horse that was raced past the barn” ni, wọ́n kàn yọ “that was” kúrò ni. Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá: ẹṣin tí wọ́n gùn sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà ṣubú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọgbà jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ṣì í gbọ́, nítorí “tí” kò gbà kí a yọ òun.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Mo ti gba òwe yẹn gbọ́ láti kékeré, mo sì rò pé ohun tí gígé “that” túmọ̀ sí nìyẹn: fi ọ̀wọ̀ fún òǹkàwé, yóò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe yẹn gbà pé ọmọlúàbí wà lójú kan náà pẹ̀lú rẹ, ó rí ojú rẹ, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ọmọ Manchester gba àbọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ di odindi. Odindi mìíràn ló sọ ọ́ dà.

Ibi tí mo ń fi í sí báyìí

Mo ti tún àwọn àkọsílẹ̀ ọdún méjì kà láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ojú tì mí lọ́pọ̀ ibi.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni “The auditor confirmed the receipts were forged.” Ẹ kà á títí dé “receipts” kí ẹ dúró. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni pé ẹni tó yẹ ìwé owó wò ti fọwọ́ sí rìsíìtì, pé wọ́n péye. Ìgbà tí ẹ dé “forged” ni gbólóhùn yí padà tó gbá yín létí. “Confirmed that the receipts were forged” kò jẹ́ kí ẹ dé ọ̀nà ìṣìnà yẹn rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó lè gba ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lẹ́yìn ara rẹ̀ ló ní ewu yìí: “found,” “discovered,” “accepted,” “doubted,” “saw.” Mo kọ ọ́ níbì kan pé “The committee accepted the guard’s explanation was false.” A kò tẹ́wọ́ gba àlàyé ọdẹ. A gbà pé irọ́ ni. Bí ẹnìkan bá sáré kà á, ọdẹ ti jàre.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà. “The chairman said on Saturday the boys would dig the pit.” Ṣé Sátidé ni alága sọ̀rọ̀ ni, àbí Sátidé ni wọ́n máa gbẹ́lẹ̀? “Said that on Saturday” jẹ́ ọ̀kan, “said on Saturday that” jẹ́ èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tí a gbé e dúró sí ló ń ṣe iṣẹ́. A ti pàdánù owó àwọn ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, n kì í gé e mọ́: “the complaint that the gate is locked too early,” “the fact that,” “the suggestion that.” Gẹ̀ẹ́sì ẹnu máa ń gbà á nígbà mìíràn. Nínú ìwé, ó máa ń dà bí eyín tó ká.

Mi ò wá di olùsìn “that” o. “Members said the road was bad” dára bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú, ẹni kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sọ. “We hope you will attend” dára ju “We hope that you will attend” lọ lójú tèmi, kódà nínú lẹ́tà sí káńsù. Bí “that” méjì bá fẹ́ tẹ̀ lé ara wọn, mo máa ń tún gbólóhùn náà hun látilẹ̀. Ìwé ìlànà tí àwọn oníròyìn Associated Press ń lò gbà wọ́n láyè láti gé e lẹ́yìn “said,” àwọn tó jẹ́ pé owó ni àyè ojú ìwé lọ́dọ̀ wọn, síbẹ̀ ìwé kan náà ní bí iyèméjì bá wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo ì bá ti kà á kí n tó di akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n “that” kejì ni mo fẹ́ ká máa wò. Èyí àkọ́kọ́, ẹ gé e bó bá wù yín, lọ́pọ̀ ìgbà kò sẹ́ni tó máa ku. Ibi tí “and” tàbí “but” bá ti so nǹkan méjì pọ̀ lẹ́yìn “said,” èyí tó wà lẹ́yìn “and” yẹn ni òpó. Òun ló ń sọ pé ẹnu ẹni àkọ́kọ́ ni a ṣì wà. Bí ó bá ti kúrò, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé.

Nínú ìlà tèmi pàápàá, “that” nìkan kò tó. Mo gbìyànjú rẹ̀: “Alhaji said that the technician had told him that the amount was less and that the treasurer was aware of it.” Ó ti gba èmi là, ṣùgbọ́n kò gba Àlàájì là, nítorí “that” tó kẹ́yìn yẹn ṣì lè jẹ́ ti “said,” ó ṣì lè jẹ́ ti “told.” Èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lò. Ibi tí mo ti gbà pé ìyá bàbá mi mọ̀wé jù mí lọ nìyẹn.

Wàrà àti Àbújá

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ àwa onílé Ìbàdàn nìkan ni. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tó yọ àwọn òṣìṣẹ́ kan kúrò nínú àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ àṣekún. Ó ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: fífi oúnjẹ sínú agolo, gbígbẹ rẹ̀, títọ́jú rẹ̀ pamọ́, ó wá parí báyìí: “packing for shipment or distribution of.” Àwọn awakọ̀ tó ń gbé wàrà ilé iṣẹ́ Oakhurst Dairy kiri pe ẹjọ́. Wọ́n ní dídì ẹrù ni òfin ń sọ, ì báà jẹ́ fún fífi ránṣẹ́ tàbí fún pínpín. Àwọn kì í sì í di ẹrù, àwọn kàn ń pín in ni. Ilé iṣẹ́ ní rárá, pínpín dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀.

Gbogbo ayé ló gbé ìròyìn náà pé kọ́mà ló sọnù ṣáájú “or.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan náà sọnù. Bí dídì ẹrù bá jẹ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn bí àwọn awakọ̀ ṣe wí, “or” kan yẹ kó wà ṣáájú “packing” láti fi hàn pé a ti dé òpin, kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń jà nìyẹn, ó sì lágbára. Kọ́mà kan kò sí, “or” kan kò sí, kò sí ẹni tó lè ní ọwọ́ òun mọ́ pátápátá. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní òfin náà kò yéni yékéyéké, àti pé níwọ̀n bí ó ti jẹ́ òfin owó iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ni kí a túmọ̀ rẹ̀ fún. Ní 2018, ilé iṣẹ́ gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè tán. Àwọn aṣòfin Maine tún ìlà náà kọ, wọ́n fi àmì ìdánudúró tó nípọn ju kọ́mà lọ (;) sáàárín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi “or” síbi tó yẹ, wọ́n sì sọ “distribution” di “distributing” kó lè jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹ rántí ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 àti abala 134 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó sọ ibi tí ẹni tó máa di ààrẹ ti gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò: “in each of at least two-thirds of all the States in the Federation and the Federal Capital Territory, Abuja.” Ẹ mọ ìyókù, ẹ jẹ́ ká má tún un sọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún yẹn, n kò sì wá láti tú u. Ohun tó jọ mí lójú ni pé níbí yìí, “and” wà o. Kò sẹ́ni tó gé e. Ọ̀rọ̀ kékeré tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni kò sí. Bí wọ́n bá kọ “and in the Federal Capital Territory,” Àbújá á dá dúró. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá ni kí a kà pọ̀, á di ọ̀kan nínú wọn. Wọn kò ṣe èyí, wọn kò ṣe ìyẹn, wọ́n fi “and” sílẹ̀ láàárín ọjà pé kó máa bá ara rẹ̀ wá ìbátan. Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á báyìí, ojú akápò wa ni mo ń rí.

Bírò

Nípàdé yẹn, alága ní kí n tún ìlà náà ṣe níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Mo mú bírò, mo fagi lé e, mo kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé:

“Alhaji said that the technician had told him two things: that the amount he received was less than the amount announced, and that the treasurer was aware of it. Alhaji said that he himself did not know whether this was true. The treasurer said that it was not.”

Ó gùn. Ọ̀gá mi àtijọ́ á bú sẹ́kún. Alága bu ọwọ́ lù ú, Àlàájì kà á, ó mi orí. Akápò ní kí n ka tirẹ̀ nìkan fún òun, mo kà á, ó jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi àkọsílẹ̀ ti oṣù yìí ránṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá nígbà tí fóònù mi dún.

“Akọ̀wé, ẹ kú alẹ́ o. ‘That’ mélòó lẹ fi sí ti oṣù yìí?”

Mo ní n kò kà á, mà.

“Ẹ kà á.”

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kà á. “Mọ́kànlá, mà.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Èyí tó wà níwájú orúkọ mi ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“Ó dáa. Ó dàárọ̀.”